Níwájú Pátákó Funfun

"Gbogbo ibi tó bá wù ọ́ lo lè jókòó sí lónìí, àfi iwájú pátákó funfun yẹn. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Kí ni mo wí?"

"O ní kí n jókòó síbi tó bá wù mí."

Ìdajì ọ̀rọ̀ ló gbọ́. Ìdajì yòókù gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá, nítorí orí fóònù ni ojú àti ọkàn rẹ̀ wà. Àwọn ọ̀rẹ́ ọmọbìnrin yìí kì í pè é ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Dígí ni wọ́n ń pè é, torí pé kò sí ohun tó ń dán tó máa wà níwájú rẹ̀ tí kò ní yẹ ojú ara rẹ̀ wò níbẹ̀, ìbáà ṣe fèrèsé ọkọ̀, ìbáà ṣe ẹ̀yìn ṣíbí.

Ọmọkùnrin tó ń kìlọ̀ fún un nínú ọkọ̀ yẹn ni ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Oṣù mẹ́ta péré ló fi ju Dígí lọ, ṣùgbọ́n bó ṣe ń lo oṣù mẹ́ta náà, ẹ ó rò pé ọgbọ̀n ọdún ni. Ìgbín ni àwọn tí wọ́n jọ ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ń pè é. Bó bá ti mú igi lọ́wọ́ tó dúró sí àárín pápá, ó di iṣẹ́ ńlá kí wọ́n tó rí i lé kúrò níbẹ̀. Kì í fi ipá gbá bọ́ọ̀lù. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń ṣe é, títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi sú àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù sí i.

Mọ́mì Àgbà, ìyá Ìgbín, ló ń wa ọkọ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ó sì ti bẹ ẹnì kan níbi iṣẹ́ kó bá òun dúró kí òun lè ráyè ọjọ́ náà. Òun àti àbúrò rẹ̀, ìyá Dígí, ni wọ́n jọ pinnu pé bí ọmọ náà bá yege nínú gbogbo ìdánwò rẹ̀, kó wá lo ìsinmi lókè òkun. Dígí yege, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó sì gúnlẹ̀ sínú òjò. Òjò náà kò dá. Inú ilé ni wọ́n há sí, inú ilé náà ló sì ti ń ya gbogbo fọ́tò tó ń fi ránṣẹ́ sílé.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò gbà. "Òkè òkun wo?" ni ọ̀kan nínú wọn kọ sójú fóònù. "Irú kọ́tìnnì yẹn wà ní pálọ̀ wa. Jáde níbi tó o sá pamọ́ sí, ìwọ arìnrìn àjò orí bẹ́ẹ̀dì!" Ẹ̀rín ni gbogbo wọn fi dáhùn. Ẹ̀rín yẹn ń dun Dígí títí dé egungun. Nígbà tí oòrùn yọ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yìí, kíá ló gbé aṣọ gbọọrọ pupa tí ìyá rẹ̀ rán fún ìrìn àjò náà wọ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó bá ní òun kò sí lókè òkun yóò fojú ara rẹ̀ rí i.

"Dígí, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ díẹ̀," ni Mọ́mì Àgbà wí. "Eré tòní kì í ṣe ṣeréṣeré lásán fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Ọkùnrin kan ń bọ̀ tó ń yan àwọn ọmọ tí wọ́n máa fi ṣe ẹgbẹ́ àgbègbè yìí. Wọ́n ń pè é ní Bàbá Onífìlà. Ọdún méjì ni ọmọ yìí ti ń jí ní ìdájí nítorí tòní."

"Ṣé ó le ni, Mọ́mì?"

"Ẹni tí bọ́ọ̀lù bá lé kúrò, kò ní bínú sí i. Àwáwí ló kórìíra. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe tó ń wá ẹni tó máa di ẹ̀bi rù, Bàbá Onífìlà kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì."

Ìgbín ń fi ọwọ́ pa igi rẹ̀ bí ẹni ń pa ajá lórí.

Nígbà tí wọ́n dé pápá, Dígí wò yíká, ó wá ariwo, kò rí i. Ohun tó ń retí ni èrò bí eéṣú, ìlù àti fèrè, bíi ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Koríko tútù rẹrẹ ló bá pàdé, pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n wọ aṣọ funfun láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀, tí wọ́n sì ń yí nílẹ̀ nínú rẹ̀ láìbìkítà.

"Mọ́mì, ta ló ń fọ aṣọ yìí?"

"Ìwọ náà wò mí, ta lo rò?"

Mọ́mì Àgbà fi ìka tọ́ka sí àárín pápá, ó ṣàlàyé fún un. Igi wẹ́wẹ́ mẹ́ta ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ lápá ọ̀hún, mẹ́ta tún wà lápá ìhín. Ẹnì kan á sáré bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, á ju bọ́ọ̀lù pupa kékeré kan tó le bí òkúta. Ẹni tó mú igi ńlá lọ́wọ́ ni kò ní jẹ́ kó kan àwọn igi wẹ́wẹ́ náà. Bó bá gbá a lọ, á sáré kó àmì jọ. Bí bọ́ọ̀lù bá kan igi wẹ́wẹ́, ó parí, kó máa lọ ilé.

"Wọ́n á tún fún un ní òmíràn ṣá?"

"Rárá o. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni."

"Bó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ló lé e jáde ńkọ́?"

"Á lọ jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú."

"Ìwà ìkà nìyẹn!" ni Dígí wí. "Ìgbà wo ni wọ́n máa ṣe é tán?"

"Bó bá di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ sinmi mu tíì."

Dígí wo ojú ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ bóyá ó ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà. Àwọn tó ń sá eré ìje, ṣé wọ́n máa ń dúró lójú ọ̀nà mu tíì ni? Ó gbé e mì, ó jókòó.

Ìgbín wọ pápá. Bọ́ọ̀lù dé, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Òmíràn dé, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn díẹ̀ tó ń wòran pàtẹ́wọ́ wẹ́rẹ́, Bàbá Onífìlà sì ń fi orí gbà á lábẹ́ fìlà gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Dígí kò rí ohun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí. Nígbà tí Mọ́mì Àgbà dìde lọ bá àwọn ìyá yòókù gé búrẹ́dì nínú gbọ̀ngàn, òun náà dìde, ó mú fóònù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí pápá ká.

Ní ìparí pápá, lẹ́yìn ibi tí àwọn ajubọ́ọ̀lù ti ń sáré bọ̀, pátákó ńlá kan dúró lórí táyà kéékèèké. Ó ga bí ògiri ilé, ó funfun láìlábàwọ́n, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nítòsí rẹ̀. Ọkàn Dígí yọ̀. Ó ti rí irú rẹ̀ níbi ìgbéyàwó, níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ sí ara ògiri kí àlejò lè dúró ya fọ́tò. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé kò sí èrò tó tò síbẹ̀. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọ̀rọ̀ Dígí nìyẹn gẹ́lẹ́.

Ó bọ́ síwájú pátákó. Ó na fóònù sókè, ó fẹ̀rín sẹ́nu, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ajubọ́ọ̀lù ti kọ ẹ̀yìn sí i, ó ti ń sáré lọ. Dígí fi ọwọ́ kan ká aṣọ pupa náà, ó fẹ̀ ẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ, ó yí po lẹ́ẹ̀kan.

Ó gbọ́ "kà!" Ariwo sọ.

Nígbà tó gbójú sókè, igi wẹ́wẹ́ mẹ́ta ti fọ́n ká lẹ́yìn Ìgbín. Ìgbín dúró, ó na igi ọwọ́ rẹ̀ tààrà sí apá pátákó. Ìgbà yẹn ni ìdajì ọ̀rọ̀ tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀ láàárọ̀ padà wọlé. *Àfi iwájú pátákó funfun yẹn.* Pátákó náà wà níbẹ̀ kí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù lè rí bọ́ọ̀lù pupa yọ lára funfun. Òun sì lọ fẹ aṣọ pupa síbẹ̀! Kó tó ronú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbé e sá sẹ́yìn pátákó.

Láti ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn Ìgbín. "Ẹnì kan kọjá! Ẹnì kan kọjá níwájú pátákó, mi ò rí bọ́ọ̀lù!"

Rẹfirí yíjú padà, kò rí ẹnikẹ́ni. Ó bi ajubọ́ọ̀lù léèrè, ìyẹn ní òun kọ ẹ̀yìn síbẹ̀. Ó wo ọmọkùnrin tó máa ń dúró lẹ́yìn igi, ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ ńlá méjì láti fi gbá bọ́ọ̀lù mú. Ìyẹn tẹ orí ba, ó ń tún okùn ìbọ̀wọ́ rẹ̀ so. Ni rẹfirí bá na ìka kan sókè. Ìka yẹn ni ìdájọ́. Ìgbín ti jáde.

Lẹ́yìn pátákó, Dígí ṣí fọ́tò náà. Ó rẹwà ju gbogbo fọ́tò tó ti yà rí lọ. Ó pa á rẹ́ kíá, ó sì gba ẹ̀yìn igi àti ọgbà rìn yípo padà, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Nígbà tó dé, ọ̀rọ̀ ti kún ilẹ̀. "Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n gbá," ni Bàbá Onífìlà ń sọ fún kóòṣì tó ń kọ́ ẹgbẹ́ Ìgbín, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ yá ju igi rẹ̀ lọ. Ẹ rí mi, mi ò lè kó ọmọ tó ń ṣàwáwí rin ìrìn àjò." Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kejì ti gbọ́, wọ́n ti sọ Ìgbín lórúkọ tuntun. "Bàbá Àwáwí! Ṣé iwin lo rí ni?"

Ìgbín rìn dé ibi tí Dígí dúró sí lẹ́yìn yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Dígí, ìwọ nìkan ni mo lè bi. Ṣé o ń wo apá pátákó yẹn? Ojú mi wà lára bọ́ọ̀lù, fìrì lásán ni mo rí. Ṣé o rí ẹnì kan níbẹ̀?"

Dígí ronú kan ìyá rẹ̀, ó ronú kan ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n máa fi gbé e padà tìtìjútìtìjú, ó ronú kan ojú Mọ́mì Àgbà.

"Rárá," ni ó wí. "Mi ò rí ẹnikẹ́ni."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ìgbín mí kanlẹ̀. "Ó dáa. A jẹ́ pé ojú ló tàn mí. Ìwọ ò mọ eré yìí, o ò sì gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, kò sídìí tó o fi máa purọ́ fún mi." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Jẹ́ kí n lọ tọrọ àforíjì."

Dígí fẹ́ fà á láṣọ, ọwọ́ rẹ̀ kò gbé e. Ó wò ó bó ṣe kọjá láàárín àwọn tó ń fi í ṣẹ̀sín, tó dúró níwájú Bàbá Onífìlà, tó sì dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, mo rò pé mo rí i ni. Kò sí ẹni tó kọjá. Àṣìṣe mi ni."

Ọkùnrin náà wò ó nílẹ̀. "Lẹ́ẹ̀kan, ẹnì kan kọjá. Nísinsìnyí, kò sí ẹni tó kọjá. Èwo ni ká mú nínú méjèèjì? Dìde, ọmọ mi. Lọ jókòó." Ó yí sí kóòṣì. "Bí mo bá mu tíì tán, màá máa lọ."

Ẹ wo ọ̀ràn! Ọmọ tó sọ òótọ́ ló ń dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì òótọ́ tó sọ, nítorí pé ó gba ẹnu àbúrò rẹ̀ gbọ́ ju ojú ara rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá nà Dígí lọ́jọ́ náà, ìyẹn ì bá sàn fún un.

Wọ́n wọ gbọ̀ngàn láti mu tíì. Wọ́n gbé búrẹ́dì àti ẹyin fún Dígí, kò lè jẹ ẹ́. Fóònù ń dún lápò rẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pariwo fọ́tò. Ó pa á. Ẹ̀mí kan ń sọ fún un pé kó jókòó jẹ́ẹ́, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó padà sílé, ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n ó ń wo Ìgbín lọ́ọ̀ọ́kán, tó jókòó sí igun, tí kò tíì tú ohun ìdáàbòbò tó dè mọ́ ojúgun, bí ẹni pé wọ́n ṣì lè pè é padà. Bàbá Onífìlà sì gbé ife rẹ̀ kalẹ̀, ó fà báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó kọjú sí ilẹ̀kùn.

Dígí kò mọ ìgbà tó dìde. Ó bá ara rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ ní ẹnu ilẹ̀kùn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró. Èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo wà níwájú pátákó. Fọ́tò ni mo ń yà. Òótọ́ ló sọ nígbà àkọ́kọ́."

Mọ́mì Àgbà, tó mú ọ̀bẹ búrẹ́dì lọ́wọ́, kò lè gbé e sílẹ̀, kò sì lè fi gé nǹkan.

"Ṣé kì í ṣe ìwọ ló sọ fún un pé o ò rí ẹnikẹ́ni?"

"Èmi ni, sà. Irọ́ ni mo pa."

"Fọ́tò náà dà?"

Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Mo ti pa á rẹ́."

Ọkùnrin náà mi orí. Kò bínú, àánú ló ṣe é, èyí sì burú ju ìbínú lọ. "Ọmọ dáadáa ni ọ́. Mo mọ̀ pé o fẹ́ gba ẹ̀gbọ́n rẹ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti purọ́ lẹ́ẹ̀kan, tí kò sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́, kí ni ká fi mọ̀ pé kì í ṣe irọ́ kejì lèyí?"

Àwọn àgbà kò purọ́ tí wọ́n fi ní "purọ́ n níyì, ẹ̀tẹ́ ní í mú wá". Òótọ́ wá wà lẹ́nu Dígí wàyí, kò rí ẹni tó máa bá a rà á.

Níbi tábìlì ẹgbẹ́ kejì, àga kan dún. Ọmọ tó ń wọ ìbọ̀wọ́ ló dìde, etí rẹ̀ ti pọ́n.

"Kì í ṣe irọ́, sà," ni ó wí. "Èmi náà rí i. Mo rí aṣọ pupa tó fẹ̀ lójú pátákó. Èmi náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bọ́ọ̀lù."

"Kí ló dé tó o fi dákẹ́?" ni kóòṣì rẹ̀ kígbe mọ́ ọn.

"Kò sẹ́ni tó bi mí tẹnutẹnu, sà. Mo sì fẹ́ ká lé e jáde." Ó wo ilẹ̀. "Nígbà tí ọmọ tó wá ṣe àlejò dìde, ojú tì mí láti jókòó."

Bàbá Onífìlà sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀. Ó bọ́ fìlà, ó fi ọwọ́ nu orí, ó pe Ìgbín. "Òfin ni òfin. Rẹfirí ti na ìka, o ti fi pápá sílẹ̀, mi ò lè dá ọ padà. Ohun tí mo lè dá padà ni ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Mo pè ọ́ ní ọmọ tó ń ṣàwáwí, mo ṣìṣe. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, eré mìíràn wà níbí. Màá wá. Kì í ṣe pé mo ti mú ọ o! Mo ní màá wá ni."

Kóòṣì Ìgbín ní tirẹ̀ yí sí Dígí. "Ìwọ, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la títí ọjọ́ tó o máa wọ ọkọ̀, gbogbo ìgbà tí a bá wà lórí pápá yìí, ìwọ lo máa máa ṣọ́ pátákó yẹn. Bí eṣinṣin bá kọjá níwájú rẹ̀, ìwọ ni màá bi."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Dígí kò rẹ́rìn-ín, ó kàn fi orí gbà.

Nínú ọkọ̀, Mọ́mì Àgbà kò bá a jà. "Èmi ò ní pe ìyá rẹ," ni ó wí. "Ìwọ fúnra rẹ lo máa pè é, kó o sọ ọ́ látòkèdélẹ̀." Dígí pè é, ó sì gbọ́ èyí tó tó etí í gbọ́. Ìyẹn kò dùn ún tó ohun tí Ìgbín sọ nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé.

"Bọ́ọ̀lù tó lé mi jáde kò dùn mí mọ́," ni ó wí. "Mo bi ọ́ léèrè, o wo ojú mi, o ní rárá. Ìyẹn ló ń dùn mí." Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, ẹ kú iṣẹ́ àti ẹ kú àárọ̀ ni wọ́n fi ń ki ara wọn, bí ayálégbé méjì. Dígí sì ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Á jókòó sórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, á dá àwọn ọmọdé dúró, á dá ajá dúró, á ní kí ẹni tó ń lọ ra omi ní sùúrù kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù tán. Nítorí pé kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wòran. Kò tíì wo eré náà rí, ó kàn wà níbẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Láti ẹ̀yìn ajubọ́ọ̀lù, ó rí i pé bọ́ọ̀lù kì í lọ tààrà. Ó ń yà, ó ń tan ènìyàn jẹ, ó ń ta lórí ilẹ̀ gba ibi tí ènìyàn kò rò. Ó wá yé e pé gbogbo ìtẹ̀mọ́lẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí Ìgbín ń ṣe, ogun ló ń jà. Ọjọ́ kan tí Ìgbín tẹ bọ́ọ̀lù burúkú kan mọ́lẹ̀, Dígí bá ara rẹ̀ tó ń pàtẹ́wọ́.

Sátidé pé. Ìgbín wọ pápá, ó sì gbé ibẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lórí. Àmì rẹ̀ ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin kan tọ ẹ̀gbẹ́ pápá bọ̀, ó fẹ́ gba iwájú pátákó kọjá.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró díẹ̀," ni Dígí wí. "Ajubọ́ọ̀lù ti ń sáré lọ."

Bàbá Onífìlà ni. Ó dúró gbọ́ngbọ́n bí ọmọ ilé ìwé, lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó tì í lórí koríko. "Ibí yìí gan-an ló dára jù láti wòran," ni ó wí.

Bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e yà díẹ̀. Ìgbín na igi sí i, bọ́ọ̀lù kọjá, ẹni tó wà lẹ́yìn igi gbá a mú, ó sì kígbe pé ó ti kan igi ọwọ́ Ìgbín kó tó dé ọwọ́ òun. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, Ìgbín ti jáde nìyẹn, torí bọ́ọ̀lù tó bá kan igi ọwọ́, tí wọ́n sì gbá mú kó tó balẹ̀, ń lé ni jáde. Rẹfirí kò gbọ́ nǹkan kan. Ó mi orí pé kò kàn án.

"Ìwọ tó o ti ń wo eré láti ọjọ́ yìí," ni Bàbá Onífìlà wí láìyíjú, "ṣé ó kan igi rẹ̀?"

Dígí ti gbọ́ ọ, "tí", fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí. Ó mọ ohun tó lè ná Ìgbín. 

"Ó kàn án, sà."

Kò tíì pa ẹnu dé nígbà tó rí Ìgbín. Rẹfirí kò lé e, ẹnikẹ́ni kò lé e. Ó ti igi bọ abíyá, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì ń rìn jáde kúrò ní pápá fúnra rẹ̀. Bàbá Onífìlà dìde, ó sì gbọn koríko kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ka orúkọ àwọn tí wọ́n mú ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ka mọ́kànlá, wọn kò dárúkọ Ìgbín. Dígí di ojú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ka ẹnì kejìlá, ẹni tó ń dúró de ìgbà tí ara ẹnì kan kò bá yá, tó sì ń gbé omi wọlé fún àwọn yòókù. Ìgbín ni.

Ó sáré bá Dígí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, eyín rẹ̀ funfun ju aṣọ rẹ̀ lọ, torí aṣọ náà ti di koríko.

"Omi ni mo máa máa gbé o!"

"Ṣé inú rẹ dùn báyìí?"

"Ó dùn gan-an. Nínú pápá náà ni wọ́n máa ń gbé e lọ." Ó gbé igi rẹ̀ sínú ọkọ̀. "Bàbá Onífìlà ní òun bi ọ́ léèrè nípa bọ́ọ̀lù yẹn."

"Ó bi mí."

"O wá sọ pé ó kan igi mi? Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé ọmọ ìyá mi ni ọ́ àbí ọ̀tá ilé?" Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún un, nǹkan tí kò ṣe láti ọ̀sẹ̀ kan. "Wọlé, jẹ́ ká máa lọ. Láti òní lọ, bí mo bá bi ọ́ ní nǹkan, màá gbà ọ́ gbọ́."

Ẹ̀yin ọmọ, irọ́ tí Dígí pa kò ju ọ̀rọ̀ mélòó kan lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọdún méjì tí ẹlòmíràn fi jí ní ìdájí jẹ́. Òótọ́ tó sọ lẹ́yìn náà kò dá bọ́ọ̀lù padà, torí ohun tó ti bọ́ ti bọ́. Ṣùgbọ́n ó dá orúkọ rere padà fún ẹni tó ni ín, ó sì mú kí ọmọ mìíràn tó ti dákẹ́ jẹ́ẹ́ dìde sọ tirẹ̀. Bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó ṣì lè wúlò fún ẹni tí ẹ ṣẹ̀. Ìtìjú ọjọ́ kan ni, yóò sì tán. Ẹni tó bá ń dákẹ́ kí ẹlòmíràn lè ru ẹ̀bi rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò ní jẹ́ kó sùn.